Ẹ Rìn Kí Ó Tó Rẹ̀ Yín: Bí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Eré Sísá Ṣe Lè Dé Ìṣẹ́jú 30

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní òun fẹ́ máa sáré ní ìdájí kì í pẹ́ jáwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ra bàtà tuntun, ó jí ní aago márùn-ún, ó sì ki eré mọ́lẹ̀ láti ẹnu géètì. Kó tó dé òpin àdúgbò, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀gbẹ́ ń gún un, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di orúnkún mú. Lọ́jọ́ kejì, ojúgun ń ro ó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàtà ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Á wá ní Ọlọ́run ò dá eré sísá mọ́ òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó sá ju bí ara rẹ̀ ṣe lè gbà lọ ni, kò sì fi ìrìn sínú eré náà.

Ẹni tí kò lè sá ìṣẹ́jú méjì láìdúró lónìí, tó sì fẹ́ sá ìṣẹ́jú 30 ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí àsìkò yìí, ni mo kọ èyí fún. Gbogbo ọ̀nà náà dúró lórí ohun kan: ẹ máa rìn nígbà tí kò tíì rẹ̀ yín. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó rẹ̀ ẹ́ kó tó rìn ti pẹ́ jù.

Ohun tí ẹ máa nílò

*Bàtà.* Kò dìgbà tó bá wọ́n. Ẹ wá bàtà eré ìdárayá tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀, tó sì ṣẹ́ àyè kékeré kù níwájú ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ òkìríkà lẹ fẹ́ rà, ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Èyí tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tó ti gan, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

*Aago.* Fóònù tó lè ka ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá ti tó.

*Ilẹ̀ tó tẹ́jú.* Pápá ìṣeré ilé-ìwé dára, ojú ọ̀nà inú ọgbà yunifásítì náà dára. Pápá tí wọ́n fa ìlà eré ìje yí ká, tó péye, jẹ́ mítà 400 ní ìlà inú pátápátá, nítorí náà ìyípo méjìlá àbọ̀ ni kìlómítà 5. L'Ékòó, ọ̀pọ̀ ló máa ń lo afárá Lekki sí Ìkòyí ní ìdájí Sátidé. Bó bá jẹ́ etí títì nìkan lẹ ní, ẹ kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀, ẹ má sì fi nǹkan orin dí etí méjèèjì, torí ọ̀kadà tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kì í fọn fèrè kó tó yọ síni.

*Àkókò.* Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ (mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ méjì ìrìn àkọ́kọ́), nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 lẹ́ẹ̀kan, kí ọjọ́ ìsinmi sì wà láàárín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé bá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lára mu.

*Ọ̀rọ̀ dókítà.* Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àìsàn ọkàn, ikọ́ fée tàbí oyún, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀ sí i. Ẹni tó jẹ́ AS lè sáré, àmọ́ kí ó má fi àìmu omi àti oòrùn gangan dán ara wò, kí ó má sì ki eré mọ́lẹ̀ lójijì. Irú eré òjijì bẹ́ẹ̀ nínú ooru ti dá àwọn AS tó lágbára dùbúlẹ̀ rí. Àyà dídùn, òòyì tàbí dídákú kì í ṣe ohun tí à ń fara dà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹlẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ìpele 1: Ọ̀sẹ̀ méjì ìrìn nìkan

Ìpele tí wọ́n ń fò jù nìyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fò ó, pàápàá bí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún, tàbí bó bá jẹ́ orí àga lẹ ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́.

1. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀.
2. Ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́, ẹ rìn jẹ́jẹ́.
3. Ìṣẹ́jú 20 tó tẹ̀lé e, ẹ rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá ka ìṣísẹ̀ yín fún ìṣẹ́jú kan, kó tó 100 ó kéré tán. Ẹ ká ọwọ́ ní ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ síwá sẹ́yìn.
4. Ìṣẹ́jú 5 ìkẹyìn, ẹ dẹ ẹsẹ̀.

Ìdí tí ìpele yìí fi ṣe pàtàkì ni pé gbogbo ẹ̀yà ara kì í gbára dì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè mọ́ iṣẹ́ tuntun, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan èémí á ti máa já geere. Egungun, àti iṣan tó so ẹran mọ́ egungun, kì í yára bẹ́ẹ̀. Oṣù ni tiwọn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún, èémí á ní kí ẹ fi kún un, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ò tíì ṣe tán, ibẹ̀ sì ni ojúgun àti gìgísẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Tí a bá ń rìn, ẹrù tó ń bá ẹsẹ̀ tó balẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìwọ̀n ara wa lọ. Tí a bá ń sáré, ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ni. Ẹni tó bá wọn kílò 80 ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gba ohun tó tó kílò 160 sí 240, ìṣísẹ̀ lẹ́yìn ìṣísẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ìrìn yìí lẹ fi ń sọ fún egungun pé àlejò ń bọ̀.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* wọ́n á rìn bí ẹni ń nájà, wọ́n á dúró kí ará àdúgbò, wọ́n á máa tẹ fóònù. Ẹ kí èèyàn o, ọmọ Yorùbá ni wá, àmọ́ ẹ kí i bí ẹ ṣe ń lọ.

*Àyẹ̀wò:* ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ó rin ìṣẹ́jú 30 náà tán láìsí ìrora kankan ní ojúgun, orúnkún tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ìrora bá ṣì wà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún un.

Ìpele 2: Ẹ wá ìwọ̀n eré yín

Ọjọ́ kan péré ni èyí gbà, àmọ́ òun ló ṣòro jù, nítorí pé eré tó tọ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń lọ́ra débi tí ojú fi ń ti èèyàn. Ìyá tó ru igbá lọ sọ́jà lè kọjá lára yín. Ọmọ tó ń lọ síléèwé lè fi ìrìn lé yín bá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá.

1. Ẹ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 10.
2. Láìfi kún bí ẹ ṣe ń yára, ẹ yí ìrìn náà padà sí eré. Ìṣísẹ̀ kúkúrú, kí ẹsẹ̀ máa balẹ̀ sábẹ́ ara gan-an, kó má nà síwájú. Ẹ dẹ èjìká, ẹ tú ìkúùkù.
3. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ sọ gbólóhùn yìí jáde lẹ́nu: «Ìbàdàn ni mo ti ń bọ̀, Ọ̀yọ́ ni mò ń lọ, n ó sì délé kí oòrùn tó mú.»
4. Bí ẹ bá sọ ọ́ tán pẹ̀lú èémí kan, tàbí kí ẹ sinmi lẹ́ẹ̀kan péré, eré yín tọ́. Bí ẹ bá ní láti mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ méjì-méjì, ẹ ti sá jù. Ẹ rìn ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tún un gbé kalẹ̀ ní ìlọ́ra díẹ̀ sí i.
5. Ẹ tún un ṣe títí ọ̀rọ̀ á fi máa jáde wẹ́rẹ́.

Ẹni tó bá mọ oríkì ìdílé rẹ̀ lè kì í dípò gbólóhùn mi. Ó tilẹ̀ dára ju tèmi lọ, nítorí pé oríkì ní ibi tí ohùn ti ń sinmi, etí yín á sì tètè mọ ìgbà tí èémí bá gé e níbi tí kò yẹ.

Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, eré yìí máa ń tó ìṣẹ́jú 8 sí 9 fún kìlómítà kan, ti ẹlòmíì sì ń lọ sí 10. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ náà kò jìnnà sí ìṣẹ́jú 10 fún kìlómítà. Àlàfo àárín wọn kò pọ̀, kò sì yẹ kó pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà orí fóònù máa lé yín. Ẹnu yín ni kẹ́ ẹ gbọ́ràn sí.

Nínú eré jẹ́jẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń rí àyè gbé atẹ́gùn dé ibi tí ẹran ara ti ń ṣiṣẹ́, ara ń fi ọ̀rá jó gẹ́gẹ́ bí epo rẹ̀, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn inú iṣan sì ń pọ̀ sí i bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Eré àsápajúdé kì í fún wọn láyè, nítorí pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ló máa ń gbà kó tó parí. Hiroaki Tanaka, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Fukuoka ní Japan, kọ́ àwọn èèyàn pé eré tó tọ́ ni èyí tí èèyàn lè máa rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú rẹ̀. Eliud Kipchoge ọmọ Kẹ́ńyà sá máráthọ̀n Berlin ní 2022 ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 9, ìyẹn kò pé ìṣẹ́jú 3 fún kìlómítà kan, síbẹ̀ ní ọjọ́ tó bá ń sá eré ìnara, ó máa ń lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í* pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rẹ́ tó lágbára jù wọ́n lọ tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Ìkejì ni orin tó le, tó ń ti ẹsẹ̀. Ìkẹta, tó burú jù lójú mi, ni kí wọ́n rí èèyàn tó ń bọ̀, kí wọ́n wá gbé eré kí ẹni náà lè rí i pé wọ́n mọ eré sá. Ẹni tó ń kọjá lọ yẹn á ti gbàgbé yín kó tó dé ìkóríta.

*Àyẹ̀wò:* ẹ tẹ́tí sí ẹsẹ̀ yín. Bó bá ń dún pàkà-pàkà, ìṣísẹ̀ ti gùn jù tàbí eré ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá padà sí ìrìn, èémí gbọ́dọ̀ wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ìpele 3: Ẹ pa eré àti ìrìn pọ̀

1. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 5.
2. Ẹ sá ìṣẹ́jú-àáyá 60 pẹ̀lú eré tí ẹ rí ní Ìpele 2.
3. Ẹ rìn ìṣẹ́jú-àáyá 90.
4. Ẹ tún un ṣe títí yóò fi pé ìgbà mẹ́jọ, ìyẹn ìṣẹ́jú 20.
5. Ẹ rìn ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó dúró.

Bákan náà gẹ́lẹ́ ni ètò Couch to 5K tí NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Britain, ń fún àwọn ará ibẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Kó máa rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí aago bá ní ó tó, ẹ rìn, bó ti wù kí ara yín yá tó. Ìrìn ìgbà kejì ń tọ́jú ẹsẹ̀ fún eré ìgbà keje, bí ẹ bá sì fo ti ìbẹ̀rẹ̀, ìkẹyìn lẹ ó san án.

Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá rìn ti pàdánù. Jeff Galloway, ọmọ Amẹ́ríkà tó sá eré mítà 10,000 ní Òlíńpíìkì Munich ní 1972, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè fi ìrìn àmọ̀ọ́mọ̀rìn sínú eré, títí kan máráthọ̀n. Ẹni tó dé Òlíńpíìkì kò rí ìtìjú nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín lójú ọ̀nà pé ṣé ó ti rẹ̀ yín ni, ẹ dá a lóhùn pé «bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é nìyí o», kí ẹ máa bá tiyín lọ.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* wọ́n á dúró gbagidi nígbà ìrìn, tàbí kí wọ́n máa wọ́ ẹsẹ̀. Ìrìn ṣì jẹ́ iṣẹ́. Ẹ nàró, kí ọwọ́ máa lọ.

*Àyẹ̀wò:* kí ìgbà kẹjọ rí bí ìgbà kejì. Bó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ fi agídí parí méjì tó kẹ́yìn, ẹ dín eré kù lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ má fọwọ́ kan iye ìgbà.

Ìpele 4: Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀

Bí mo ṣe máa ń tò ó fún àwọn tó bá bi mí nìyí, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ìrìn. Ìrìn ìṣẹ́jú 5 ló ń ṣáájú, òun náà ló ń kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀:

- Ọ̀sẹ̀ 3 àti 4: sá ìṣẹ́jú 1, rìn ìṣẹ́jú 1½, ìgbà 8
- Ọ̀sẹ̀ 5: sá 2, rìn 2, ìgbà 6
- Ọ̀sẹ̀ 6: sá 3, rìn 2, ìgbà 5
- Ọ̀sẹ̀ 7: ẹ tún ọ̀sẹ̀ 6 ṣe, kò sí àfikún kankan
- Ọ̀sẹ̀ 8: sá 5, rìn 2, ìgbà 4
- Ọ̀sẹ̀ 9: sá 8, rìn 2, ìgbà 3
- Ọ̀sẹ̀ 10 àti 11: sá 12, rìn 2, ìgbà 2
- Ọ̀sẹ̀ 12: sá 30, tàbí sá 5, rìn 1, ìgbà 6

Ọ̀sẹ̀ keje yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Egungun ni mo fi sílẹ̀ fún.

Ooru máa ń yí ìṣirò padà. Nígbà tí oòrùn bá mú, ẹ̀jẹ̀ ní láti lọ sí awọ ara láti tu ara lára, ọkàn á sì máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ fún eré kan náà. Atẹ́gùn Èkó tó kún fún ọ̀rinrin tún ń dá kún un, torí pé òógùn kì í gbẹ. Nítorí náà, eré tó rọrùn ní ìdájí oṣù Kejìlá lè má rọrùn ní ìrọ̀lẹ́ oṣù Kẹta. Ẹ dín eré kù, ẹ fi kún ìrìn, ẹ má bá a jà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa tàbí lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló dára jù. Bí eruku ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, ìrìn nìkan ti tó lọ́jọ́ náà. Omi lásán tó fún eré tí kò pé wákàtí kan: ẹ mu kí ẹ tó jáde, kí ẹ tún mu nígbà tí ẹ bá dé. Ẹni tó jẹ iyán tàbí ẹ̀bà, kí ó fún un ní wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní ìdájí kò ní dí yín lọ́wọ́.

Lórí òkè, ìgòkè Mọ́kọ́lá tàbí ti Abẹ́òkúta, ẹ rìn ín. Èémí ni à ń tẹ̀ lé, òkè kì í sì í jẹ́ kí èémí wálẹ̀.

Ẹ kọ́ láti ya ìrora sọ́tọ̀. Kí itan méjèèjì máa ro yín fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kó sì máa dín kù bí ẹ ti ń rìn, iṣẹ́ ló ń ṣe. Àmọ́ kí ojú kan lórí egungun máa ro yín, tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó ta yín, tó sì ń le sí i bí ẹ ti ń sáré, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi àyà gbà. Ẹ dá eré dúró pátápátá, ẹ padà sí ìrìn tí kò dun yín. Bí kò bá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí bó bá ń dùn yín lórí ìrìn pàápàá, ẹ lọ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* ẹni tó pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ nítorí òjò tàbí ìrìn-àjò á fẹ́ san án padà lẹ́ẹ̀kan. Kò sí gbèsè níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ máa bọ̀ láti ibi tí ẹ dé. Bó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn ìlà méjì.

*Àyẹ̀wò kí ẹ tó bọ́ sí ìlà tó kàn:* ẹ ti ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀sẹ̀ náà, ẹ lè sọ gbólóhùn Ìbàdàn yẹn nínú eré tó kẹ́yìn, kò sì sí ìrora tó tẹ̀ lé yín dé òwúrọ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ tún ọ̀sẹ̀ náà ṣe. Ẹni tó fi ogún ọ̀sẹ̀ dé ibẹ̀ àti ẹni tó fi méjìlá dé ibẹ̀, ìṣẹ́jú 30 kan náà ni wọ́n ń sá.

Ìpele 5: Kìlómítà 5 àkọ́kọ́

Ìṣẹ́jú 30 lè má tó kìlómítà 5 fún yín, ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́. Ní ìṣẹ́jú 8 fún kìlómítà, ìṣẹ́jú 40 ló máa gbà. Ẹ dúró lórí ìṣẹ́jú 30 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ wá máa fi ìṣẹ́jú 3 kún ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀.

Àwọn tó wà ní ìlú Ọba ní parkrun, kìlómítà 5 lọ́fẹ̀ẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Bushy Park ní London ní 2004. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n ń sá a ní England, ọ̀kan sì wà ní Peckham Rye, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lè rìn ín, ẹnì kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ sì máa ń wà lẹ́yìn pátápátá kí ó má baà sí ẹni tó máa kẹ́yìn lóun nìkan. Ní ilé, ìdíje Máráthọ̀n Ìlú Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, tún ní eré kìlómítà 10, ìyẹn sì lè jẹ́ àfojúsùn fún ọdún tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ náà:

1. Ẹ dúró sí ẹ̀yìn èrò. Iwájú ni eré ti ń gbé ẹni lọ láìmọ̀.
2. Ẹ rìn ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́, bí ara bá tilẹ̀ ń yá yín, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ẹ tó rìn, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má baà kọlù yín.
3. Ní kìlómítà 3, ẹ sọ gbólóhùn yẹn. Bí kò bá jáde wẹ́rẹ́, ẹ sọ ìrìn di ìṣẹ́jú méjì.
4. Mítà 400 tó kẹ́yìn nìkan ni mo fún yín láyè láti fi ẹsẹ̀ sí i.

*Àyẹ̀wò:* ẹ wo aago yín. Kìlómítà karùn-ún kò gbọ́dọ̀ lọ́ra ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó bá lọ́ra jù ú, eré ìbẹ̀rẹ̀ ló pọ̀ jù. Nígbà mìíràn, ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ́ra sí i ní kìlómítà kìíní.